Ife Èèpo Obì

Ohun tó kọ́kọ́ dun Akínṣọlá ni pé Sàdíátù kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ náà le.

Akínṣọlá ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní ibùdó ìwádìí kékeré tí Dókítà Owólabí dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlárá. Òun ló ń lọ èèpo obì gbígbẹ, tó ń jọ̀ ọ́, tó ń pò ó mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti gilisẹ́rìnì lórí iná, tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di pẹlẹbẹ bí awọ. Ike tó ń jẹrà ni wọ́n ń wá: ife tí wọ́n lè gbin ọmọ igi obì sí, kí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ tòun tigi, láìdàbí náílọ́ọ̀nù dúdú tí kì í jẹrà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àdàlù lásán, bí àwọn kan ṣe rò. Bí èèpo bá pọ̀ jù, ike náà á le, ṣùgbọ́n á máa ṣẹ́. Bí ó bá kéré jù, á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Akínṣọlá mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ọdún 1997 dé, tí Akínṣọlá so pẹlẹbẹ tirẹ̀ kan rọ̀, tó ń fi òkúta ìwọ̀n oníkílò kan kọ́ ọ nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kílò mẹ́fà péré ló gbà kó tó já. Ti Sàdíátù, ọmọ oníṣòwò obì láti Ṣàgámù tí kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀, gba mẹ́sàn-án. Ó tilẹ̀ kọ́kọ́ fà díẹ̀ kó tó ya.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i?” Sàdíátù ń rẹ́rìn-ín. “Ó ń fà bíi pọ̀nmọ́!”

“Mo rí i. Kí lo wá ń pariwo sí?”

Ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà sọ pé Alàgbà Olúṣẹ́gun, tó ní oko obì ní Likosi, ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti yan ike tí wọn yóò fi ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ife fún òun. Ẹni tí wọ́n bá mú tirẹ̀ ni yóò di ọ̀gá ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Likosi. Láti oṣù kẹsàn-án ni Akínṣọlá ti sọ fún Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé òun ni. Títílọpẹ́ náà sì ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Sàdíátù ṣe tí kò bí i nínú: bó ṣe ń kọrin bó bá ń jọ èèpo, bí Dókítà ṣe ń pè é ní “ọmọ mi”. Odidi ọdún mẹ́sàn-án, Dókítà kò pe òun bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn máa ń tètè lọ nítorí Sábáàtì Dókítà tó ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Akínṣọlá ló máa ń tilẹ̀kùn. Nígbà tó ku òun nìkan, ó ṣí apẹ̀rẹ̀ Sàdíátù. Ewé gbòdògì tútù ló bá níbẹ̀. Sàdíátù fi wé àwọn ike rẹ̀ ní méjì-méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń tọ́jú obì gbànja kí ọyẹ́ má baà gbẹ ẹ́.

Omi inú ewé ló ń mú un fà! Ojóòró ni, Akínṣọlá wí fún ara rẹ̀. Ó kó gbogbo ewé náà dà sẹ́yìn ilé, ó to ike náà sójú fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé lọ múra ìsìn.

Lọ́jọ́ Ajé, níwájú Alàgbà, ti Akínṣọlá gba mẹ́fà. Ti Sàdíátù dún pàù ní mẹ́rin.

Inú Akínṣọlá dùn débi pé ńṣe ló tẹ orí ba, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

“Ta ló kó ewé mi?” Sàdíátù bèèrè. “Ojú fèrèsé ni mo bá ike mi láàárọ̀ yìí.”

“Ewé wo?” ni Dókítà wí.

Sàdíátù ṣàlàyé. Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, o wé ike bí ẹni wé obì?”

“Ẹ̀gẹ́ àti èèpo obì ṣáà ni, bàbá. Bí ọyẹ́ bá fa omi ara ẹ̀ tán, ṣé kò ní í ṣẹ́ ni?”

Akínṣọlá kò lè mú un mọ́ra mọ́. “Ojóòró ni, sà! Ta ló máa wé ife sínú ewé lóko?”

“Lóko?” Alàgbà kọjú sí i. “Ilẹ̀ tí mò ń bomi rin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ kó wọn sí, kì í ṣe ojú fèrèsé. Ẹ fi ti àwọn méjèèjì sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù di Ọjọ́rú, kí á wá wò ó.”

Kọ́kọ́rọ́ tó wà ní bẹ́líìtì Akínṣọlá ni Dókítà ń wò. “Ìwọ ni?”

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá ti bi mí,” ni Sàdíátù wí. “Ǹ bá sọ ọ́ fún yín.” Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, èyí ló sì burú jù lójú Akínṣọlá.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Akínṣọlá ni Dókítà ní kó máa kọ́ òkúta ìwọ̀n. Tirẹ̀ ti rọ̀ jù nínú iyẹ̀pẹ̀. Márùn-ún ló gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ sí ti Sàdíátù. Márùn-ún. Mẹ́fà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó já. Ìgbà tó fi ìkẹsàn-án kọ́ ọ ló tó ya.

“Mẹ́jọ ló gbà,” ó rọra wí.

“Sọ ọ́ sókè, kí Alàgbà lè gbọ́,” ni Dókítà wí.

“Mẹ́jọ, sà.”

Títílọpẹ́ ń ro àmàlà lórí iná nígbà tí Akínṣọlá wọlé. “Bàbá Máyọ̀kún, ọjọ́ wo là ń kó lọ sí Likosi?”

“Sàdíátù ni wọ́n mú.”

“Sàdíátù tó dé lánàá? Ṣé ẹbí Dókítà ni?”

Ó wù ú gan-an kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Títílọpẹ́ ìbá gbà á gbọ́, ìbá sì gbèjà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ.

“Rárá,” ó ní. “Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ni.”