Ersilia àti Ọkùnrin Tí Kò Rí Irú Rẹ̀ Rí

Ẹnu Ersilia kì í sinmi, àwa ará etíkun yìí la mọ̀ ọ́n. Opó ni, oúnjẹ ló ń tà. Lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n kọ "Generi" sí, ìyẹn ni pé oríṣiríṣi ọjà wà níbẹ̀. Ẹ̀wà kì í sì bá ìrẹsì pàdé lórí pẹpẹ rẹ̀ láyé. Bó ṣe ń ya ọjà sọ́tọ̀ náà ló ń ya ọmọ aráyé sí genere, ìyẹn irú, kọ̀ọ̀kan: irú ẹni tó ń fọwọ́ tẹ èso wò, irú ẹni tó ń bèèrè iye láìrà nǹkan kan. Àwọn oníbàárà á ní, "Èmi ńkọ́, genere wo ni mí?" Á sọ ọ́ sí wọn lójú, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Àfìgbà tí Duilio aránbàtà, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Inú Ersilia dùn, àmọ́ àyà rẹ̀ ń já.

Ó sọ fún Norma àbúrò rẹ̀ pé, "Genere méjì lọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ọ̀kan ń wá alásè, ìkejì ń wá olùtọ́jú aláìsàn. Mi ò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì ń wo ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Lọ́jọ́ Àìkú, màá dán an wò. Bó bá jẹ́ alásè ló ń wá, á bá mi jà lórí oúnjẹ."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó pe Duilio àti Norma wá jẹun, ó se sìpàgẹ́tì pẹ̀lú ìṣáwùrú òkun, ó wá gbé wàràkàṣì tì í. Ẹ gbà mí o! Èèwọ̀ ilé wa nìyẹn, a kì í fi wàràkàṣì sórí ohun òkun. Duilio wo wàràkàṣì, ó wo Ersilia. Ó mí kanlẹ̀, ó sì rin ín sórí oúnjẹ rẹ̀, ó ń jẹ.

Ersilia figbe ta. "Duilio! Ṣé o kì í ṣe ọmọ etíkun ni?"

"Ọmọ etíkun ni mí. Ìyá mi ì bá ti gbá mi létí. Ṣùgbọ́n mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń jẹ tiyín nílé yìí, mo ní kí n tètè kọ́ ọ."

"Ó wá dùn?"

"Kò dùn rárá!"

Norma rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi wà lójú Ersilia náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ó fa abọ́ Duilio sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ti abọ́ tirẹ̀ tí kò ní wàràkàṣì sí iwájú Duilio, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí tó ti bàjẹ́ náà.

Ó ní, "Ọjọ́ wo lo fẹ́ ká lọ rí àlùfáà?"