Àmì Mẹ́ta Lára Ẹ̀rúkọ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ tí mo padà sílé wa ní Mọ́níyà, ó ti pé oṣù mẹ́rin tí bàbá mi kú, ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn sì ti di igbó. Kò sí ẹni tó fèsì sí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo kọ. Mò ń sọ èyí kí ó lè yé yín ìdí tí ilẹ̀ kékeré kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí lórí rú: kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe fún bàbá mi mọ́.

Àbúrò bàbá mi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti já búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Màámi sọ fún mi pé, “Bí òjò ọdún yìí bá lọ tí ibẹ̀ ṣì rí báyìí, màá ní kí wọ́n máa kọ́ ọ. Mi ò lè máa ṣí fèrèsé mọ́ igbó lójoojúmọ́.”

Àwọn ohun èlò bàbá mi wà nínú àpótí páànù: àdá kan, agolo ìbomirin tí wọ́n fi ọ̀dà dí ibi tó ń jò, ìwé òyìnbó kan lórí ọgbà ẹ̀fọ́ tí kò léèpo mọ́, àti ọkọ́ wọn. Òógùn ọwọ́ wọn ti sọ ẹ̀rúkọ́ náà di dúdú. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbá a mú, torí pé ibi tí ọwọ́ wọn ti jẹ ẹ́ gba ọwọ́ mi rẹ́gí. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti là, mo sì gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ.

“Akọ̀wé,” ni bàbá alágbẹ̀dẹ wí, “ṣé o mọ̀ pé a kì í fi èyí kọ lẹ́tà?”

Wọ́n fi ẹ̀rúkọ́ tuntun sí i, wọ́n sì da ti àtijọ́ padà fún mi. Mo rí àmì ọ̀bẹ mẹ́ta lára rẹ̀. Mo rò pé ọ̀bẹ ló ṣèèṣì bà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti rin gbogbo igi ìdáná wa, Màámi sì ti lọ sọ́jà. Mo ti ẹ̀rúkọ́ náà bọ ààrò, mo fi se omi ẹ̀kọ.

Ọ̀sán ni mo tó ṣí ìwé náà síbi tí wọ́n ti kọ nípa ilá. Bàbá mi ti fa ìlà gba orí iye íǹṣì tí ìwé náà ní kó wà láàárín ìdí ilá kan sí èkejì, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: *Kò bá ilẹ̀ wa mu. Àmì kejì lára ẹ̀rúkọ́.* Níbi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àmì kìn-ín-ní. Níbi tòmátì, ìkẹta.

Mo sáré lọ sídìí ààrò. Eérú ni mo bá. Ó ṣe mí bíi pé bàbá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo pa wọ́n.

Mo jẹ́wọ́ fún Màámi nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n sọ ẹrù ọjà wọn kalẹ̀.

“Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì,” ni wọ́n wí, “o ò lè ka ilà mẹ́ta lára igi.” Wọ́n wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, lọ́sàn-án gangan, mo máa ń gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìnkùlé. Tí mo bá yọjú, kò ní sí ẹnì kankan. Mi ò sọ fún Màámi, torí pé ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè sọ pé àwọn náà ń gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé ìró náà dé kọ̀rọ̀ ọgbà, ibì kan ṣoṣo tó kù tí mi ò tíì ro nítorí ẹ̀rù ejò. Àwọn kùkùté ilá tí bàbá mi gbìn gbẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ, wọ́n dúró ní ẹsẹẹsẹ. Mo kúnlẹ̀. Mo na ẹ̀rúkọ́ tuntun láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì, mo tún na án sí òmíràn. Ibì kan náà lára ẹ̀rúkọ́ ló ń bọ́ sí. Mo fi ọ̀bẹ fá àmì síbẹ̀. Ti ẹ̀fọ́ àti ti tòmátì ti bá eérú lọ. Ilá nìkan ni mo gbìn sí gbogbo ilẹ̀ náà.

Ilá náà yọ, ó sì ga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń ro ó, Màámi ṣí fèrèsé.

“Bàbá, ẹ wọlé, òjò ti ṣú.”

Mo nàró. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, ṣùgbọ́n ojú wọn kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

“Mò ń bọ̀,” ni mo wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó fọ ẹnu, wọ́n ní kí n lọ sọ fún àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n wá kó búlọ́ọ̀kù wọn.