Abẹ́rẹ́ Tí Mi Ò Kà Mọ́ Abẹ́rẹ́

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ẹ má sọ fún mi pé kí n dín ìjókòó kù. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni mò ń ṣe ní Lọ́kọ́ja, ìjókòó gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún.

Nígbà tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́, mo lọ sí ọsibítù. Dókítà ní àwọn lè gún mi ní abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn. Ó lè tù mí lára fún oṣù díẹ̀, ó sì lè má ṣe nǹkan kan. Ó lè gbé ṣúgà ara sókè, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń ba eegun jẹ́.

"Mà, ṣé ẹ ti gba irú rẹ̀ rí?"

"Rárá o."

Ó ní kí n lọ rò ó. Ọkọ mi ní kí n gbà á kíá. Inú bí mi, nítorí kì í ṣe ẹ̀yìn tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gún. Síbẹ̀, ìrora ti sú mi, mo ti fẹ́ gbà.

Mo mú ìwé tí dókítà kọ orúkọ oògùn náà sí lọ sí kẹ́mísì kan ní Felele. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ti ń gún mi ní abẹ́rẹ́ ara ríro lóṣooṣù. Nínú ìlú tí Ígálà, Ẹ̀bìrà, Nupé àti Haúsá kún bámúbámú yìí, "Okun o" tí àwa ará Okun fi ń kí ara wa ló fi kí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ni mo bá yí ìdí sí i. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Ta ní ń tú àpò ọmọ ilé rẹ̀ wò?

Ó ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, èyí náà ṣáà ni mò ń fún yín."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àbí kò ṣiṣẹ́ ni?"

Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo bú u ní èdè ilé wa, kó lè yé e dáadáa.

Mo padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ṣúgà ti ga. Ó ní ewu inú ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe kékeré mọ́, òun ò ní gún mi. Mo bínú sí òun náà, bí ẹni pé òun ló purọ́.

Ọkọ mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé.

"Ṣé wọ́n ti fún ọ lábẹ́rẹ́?"

"Mo ti gba tèmi tán," ni mo dá a lóhùn, mo sì di ògiri mú kí n tó lè jókòó.