Àpótí Mẹ́ta fún Ohùn Kan

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbọ́ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àárọ̀ Sátidé ló máa ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn tó bá ti gbá pálọ̀ tán, tó jókòó sórí àga onígi tí kò ní tìmùtìmù. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ rán an lọ kọ́ ẹ̀rọ tuntun ní ìlú mìíràn fún oṣù mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì fi rán awakọ̀ kan sí i. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí àdúrà. Obìnrin náà kàn ń bá ọkọ rẹ̀ wí ni: “Sùúrù-ò-sí, ṣé o ti jẹun? Ṣòkòtò tó o torí ẹ̀ pariwo mọ́ mi kó o tó lọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà o. Sùúrù-ò-sí, sinmi.” Orúkọ tó fún un nìyẹn, torí ọkùnrin tó máa ń bu oúnjẹ gbígbóná sẹ́nu kó tó tutù ni. Ẹlòmíràn kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Èmi àbúrò rẹ̀ gan-an kò jẹ́ dán an wò.

Ampilifáyà tó fi ń gbọ́ ọ ti dàgbà. Àpótí kan ni, tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀: ibi tí ohùn ń gbà wọlé, bọ́tìnì tí a fi ń yí i sókè sílẹ̀, àti agbára tó ń ti ohùn lọ sínú sípíkà. Lọ́dún tó kọjá, apá òsì rẹ̀ yadi. Nígbà tó yá, apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà. Atún-rédíò-ṣe tó wà ní ìkóríta wa tú u, ó fi imú gbóòórùn inú rẹ̀, ó sì mi orí.

“Bàbá, ó ti jóná. Ẹ lọ ra oní-àpótí-kan míì. Ẹ ò fẹ́ ṣe pátì, ohùn èèyàn kan lẹ fẹ́ gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé nìyẹn. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, n kò ní ẹjọ́ kankan í rò.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní àna. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń ta ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀bù kan tó mọ́lẹ̀ bí ilé ìwòsàn. Gbohùngbohùn ni mo sọ ọ́, torí kò sọ̀rọ̀ kan rí kó má tún un sọ. Ó wọlé ní Sátidé kan, kò tíì jókòó tó fi sọ fún wa pé oní-àpótí-kan, ti àwọn tí kò mọ ohùn ni. Ti àwọn tí kò mọ ohùn ni, ẹ gbọ́. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń ra ohun gbogbo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àpótí kan tó ń gba ohùn tó sì ń tún un ṣe, àpótí kejì tó ń fún un lágbára, ìkẹta tó kàn ń fọ iná mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì yòókù.

“Iná tí wọ́n ń fọ̀?” ni mo bi í. “Ọṣẹ wo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?”

Aránṣọ ni mí. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ, mo sì mọ̀ pé ibi tí ojú rírán bá pọ̀ sí ni aṣọ ti ń ya. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i kóun gbọ́. Ó dijú, ó gbọ́ díẹ̀, ó yínmú.

“Ohùn yìí dọ̀tí,” ó ní. “Ó dọ̀tí gan-an, Bàbá.”

Orí mi gbóná. Obìnrin tó máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìnulẹ̀! Mo mọ̀ pé èdè iṣẹ́ wọn ni, pé ariwo ara kásẹ́ẹ̀tì ló ń sọ. Síbẹ̀ ó rí mi lára, bí ẹni tó rí irun nínú oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. “Ọkọ ọmọ mi, ṣé oní-àpótí-kan yẹn ò ní í tó?”

“Ó lè tó, Bàbá. Ó lè tó. Àmọ́ ṣé ohùn Màmá ò ju èyí tó kàn tó lọ ni?”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ èèyàn. Ta ló fẹ́ dá ìyẹn lóhùn? Ó fi obìnrin tó ti kú polówó ọjà, lójú ọkọ rẹ̀, nínú ilé rẹ̀. Itọ́ ti kún ẹnu mi, pálọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ni kò jẹ́ kí n tu ú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí ba, ó ní kó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.

Ó gbé wọn wá. Wáyà gba ẹ̀yìn tábìlì kan bí ìfun ẹran. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn wọ́n, ó ní, “Ẹ ò gbọ́ bó ṣe mọ́?”, ó sì kánjú lọ. Kò sọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ máa tàn fún wa.

Ní ilé ìtẹ̀wé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó tóbi jù ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. “Ẹ jí Ẹ̀gbọ́n kẹ́ ẹ tó jí àbúrò,” ohun tí wọ́n fi ń kí òṣìṣẹ́ tuntun káàbọ̀ nìyẹn, torí tí àwọn kékeré bá ti ń ṣiṣẹ́ kí ńlá tó dìde, iná á kú mọ́ gbogbo wọn lórí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dúró síwájú àwọn àpótí náà. Èyí tó ń fún ohùn lágbára ló tóbi jù, ó wúwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

“Ẹ̀gbọ́n nìyí,” ó ní, ó sì tàn án. Ó dúró títí ara àpótí náà fi gbóná. Ìgbà yẹn ló wá tẹ bọ́tìnì àpótí kékeré tó ń gba ohùn.

Gbì! Fèrèsé mì. Lẹ́yìn náà ni òórùn ohun tó jóná ń jáde lára sípíkà méjèèjì, níbi ojú kékeré tó wà lókè, tó máa ń gbé ohùn tín-ín-rín bíi ṣíì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti kásẹ́ẹ̀tì náà wọlé.

“Ùúrù-ò-í,” ìyàwó rẹ̀ ní, “é o ti jẹun? Òkòtò tó o torí ẹ̀ pariwo mọ́ mi…”

A pe Gbohùngbohùn. Ó dé, ó gbọ́, ó pàtẹ́wọ́.

“Èyí ńlá lẹ kọ́kọ́ tàn? Háà! Ta ni ò mọ̀ pé òun la máa ń tàn kẹ́yìn? Òun la máa ń tàn kẹ́yìn, Bàbá!” Kò mí tó fi tún ní, “Kódà ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọn ò ṣe ojú sípíkà yìí mọ́, kò sì bá àwọn àpótí wa dọ́gba tẹ́lẹ̀. Sípíkà tuntun ló yẹ wọ́n.”

“Ṣé wàá kúkú ta ilé tuntun fún wa mọ́ ọn?” ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ tẹ̀ lé e kò ṣeé kọ síbí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. Nígbà tó kan òkòtò, ó rẹ́rìn-ín.

“Ó ní mo torí òkòtò pariwo. Èmi àgbà, òkòtò tọ́mọdé fi ń ṣeré.”

“Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wá ojú sípíkà yẹn níbòmíì.”

“Rárá, àbúrò mi. Fi í sílẹ̀. Ká ní ó wà láyé ni, ẹni àádọ́rin ọdún ni ì bá jẹ́ báyìí. Ṣé eyín iwájú ì bá ṣì pé lẹ́nu ẹ̀? Láti ọjọ́ tó ti kú, ohùn ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló ń pè mí, èmi ń darúgbó lọ. Lónìí, ó ti lé mi bá.”

Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ káwa náà rẹ́rìn-ín. Ìríra tó wà nínú mi tún le sí i. Wọ́n ba ohun kan ṣoṣo tó kù fún un jẹ́, òun náà ló tún ń wá bí yóò ṣe tù wá nínú.