Abẹ́rẹ́ Kí Ọmọ Tó Ní Orúkọ

Oyún mi pé oṣù mẹ́ta nígbà tí mo rí i pé ẹyinjú ọkọ mi ti pọ́n bí epo. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ara ń yún un, ìhà ọ̀tún rẹ̀ ń dùn ún. Ìyá rẹ̀, tí a jọ ń gbé ní Aradagun, ní ibà pọ́njú ni, pé èmi ará Èkìtì ni mo gbé e wọlé.

Ní ilé ìwòsàn, a dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àrùn mẹ́dọ̀wú B ni: kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ló ń gbé e: ìbálòpọ̀, abẹ tí ẹni méjì jọ lò, ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Àjọjẹun kọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò sí níbẹ̀. Dókítà ní kí n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí n má baà kó o. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá yóò pa oyún lára. Ó ní rárá, kòkòrò tó wà láàyè kò sí nínú rẹ̀. Mo lọ kà á fúnra mi kí n tó gbà.

Ìyá fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwo mi. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ tó ní àrùn jẹun nínú abọ́ kan. Èmi tí mi ò ní in ni mo ń dá jẹ. Wọ́n ní kí òun náà ṣe àyẹ̀wò, ó kọ̀. Mi ò bá a jiyàn.

Ní oṣù kẹsàn-án oyún mi, mo gba abẹ́rẹ́ kẹta, èyí tó kẹ́yìn. Àyẹ̀wò fi hàn pé ara ọkọ mi ti lé kòkòrò náà jáde.

Mo bí obìnrin. Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú ti ọmọ dé. Ìyá dí ojú ọ̀nà.

"Ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ lẹ fẹ́ gún?"

"Màmá, láàárín ọjọ́ kan ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọjọ́ kẹjọ ti pẹ́ jù."

"Orúkọ wo lẹ máa kọ síwèé?"

"'Ọmọ Bọ́sẹ̀', orúkọ ìyá rẹ̀."

"Ọmọ Bọ́sẹ̀! Ṣé òun nìkan ló fún ara rẹ̀ lóyún ni? Ará Èkìtì yìí ti fi ìwé gba ọmọ wa!"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Mo rò ó: ìyá yìí ni yóò máa gbé ọmọ náà, a kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí ó kọ àyẹ̀wò.

"Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà," ni mo wí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gún un."

Títí di òní, Ìyá kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Mo lè fara dà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí kò sún un síwájú, mo sì dúpẹ́ fún ara ọmọ ọjọ́ kan tí kò mọ ìjà ilé: ó ké fún ìṣẹ́jú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bí yóò ṣe gbèjà ara rẹ̀.