Àṣírí Tí Mummy Bò Fún Fọ́máànù

Ọmọ mi obìnrin bi mí láìpẹ́ yìí bóyá ó yẹ kí iléeṣẹ́ máa fi dandan mú òṣìṣẹ́ kọ́ bí wọn kò ṣe ní máa fi àwọ̀ rẹ́ ara wọn jẹ. Yàrá òtútù tó wà ní Nathan Way nílùú òyìnbó ni ọkàn mi sá lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, níléeṣẹ́ tí a ti ń di ẹran sínú páálí. Mo ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ní Ìbàdàn, páálí ni mo wá ń dì. Síbẹ̀ mò ń ṣàárò ìgbà yẹn, àti búrẹ́dì òun sàdíìnì tí a jọ máa ń jẹ. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan wà láàárín wa tí gbogbo wa ń pè ní Mummy. Orúnkún ń dùn ún. Kí fọ́máànù wa, òyìnbó tó ń pín iṣẹ́ fún wa, ṣáà gbé e kúrò ní yàrá òtútù ló ń fẹ́, ṣùgbọ́n òyìnbó yẹn á ní ara ènìyàn dúdú le, á wá máa sín ohùn rẹ̀ jẹ. Àwọn òyìnbó tó bá nínú yàrá náà, wọ́n ti gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tipẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní dandan ni kí gbogbo wa jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ọmọbìnrin òyìnbó oníwà pẹ̀lẹ́ kan ló wá kọ́ wa. Ó béèrè bóyá wọ́n ti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni rí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Mánéjà wà níbẹ̀. Fọ́máànù jókòó níwájú, etí rẹ̀ pọ́n. Mummy dìde, ó ní fọ́máànù wa kò níkà nínú, ó ń tọ́jú wa.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Abbey Wood, mo bi í pé kí ló dé. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí náà. Ṣé kí n dójú ti ọkùnrin lójú ọ̀gá rẹ̀ ni? Mo ti bò ó láṣìírí. Tó bá di Monday, ẹ máa rí bó ṣe máa san án fún mi.”

Nígbà tó di Monday, fọ́máànù na ìbọ̀wọ́ yàrá òtútù sí Mummy bó ṣe máa ń ṣe. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bo òun láṣìírí. Òótọ́ ló rò pé obìnrin náà sọ.

Mo bá Mummy lọ bá mánéjà. Mo ro ẹjọ́ náà látòkè délẹ̀, pẹ̀lú gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní yunifásítì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

“Ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ.”

Ó ní iléeṣẹ́ ti ṣe tirẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti gbẹ̀kọ́. Kí a tó jáde, Mummy fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mánéjà. Èmi ni mo dì í lápá mú kó tó lè dìde.