Àlejò Tí Mi Ò Lè Dárúkọ

Mo rántí òórùn kápẹ́ẹ̀tì sítúdíò ilé ìwé wa ní Yaba, ó máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ni mo lọ kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n títí mo fi wọ ọdún kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ wa gan-an, mi ò ní rí nǹkan kan sọ. Bàbá mi, kápẹ́ńtà tó ń kan àga ní Pápá Àjàó, á ní, "Ọ̀rọ̀ sísọ? Ṣé o ò lè sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Wọ́n á wá gbá ìṣó míì wọlé.

Ìdánwò sítúdíò wá dé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ kò ní bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde. Kálukú máa mú àlejò kan wá, á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa iṣẹ́ ọwọ́ lórí rédíò ilé ìwé. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti kìlọ̀: ká máa dárúkọ àlejò kí olùgbọ́ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ò gbọdọ̀ dákẹ́, a ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní Dádì tàbí Àǹtí. Gbogbo ẹ̀ ni mo há sórí. Àfi bí télọ̀ tí mo bá ṣàdéhùn ṣe pa fóònù ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sáré lọ bẹ bàbá mi. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ Jímọ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Iná pupa tàn. Mo kí àwọn olùgbọ́, ẹnu mi dá ṣáṣá. Mo ní, "Àlejò wa lónìí ni Ọ̀gbẹ́ni…" Háà! Orúkọ bàbá mi dé ẹnu mi, ó dúró síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò pe orúkọ yẹn rí lójú wọn. Olùkọ́ mi ń fọwọ́ júwe láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kí n máa lọ. Mo tún ní, "Ọ̀gbẹ́ni…"

Bàbá mi bá sún mọ́ makirofóònù. "Ṣé iná ti lọ ni?"

"Rárá o, Dádì," ni mo fi dáhùn. Gbogbo Yaba gbọ́.

Olùkọ́ mi ní kí n lọ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá mi ní tiwọn dé ìsọ̀, wọ́n ń sọ fún gbogbo kápẹ́ńtà pé àwọn ti wá mọ ohun tí ọmọ àwọn ń kọ́: "Wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ilé! Kó tó bi mí ní ìbéèrè, ó kọ́kọ́ dákẹ́." Ohun tí wọ́n fi fìdí mi rẹmi nílé ìwé ni wọ́n fi ń yangàn nílé. Orí mi dàrú. Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín.

Mo tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú àjèjì, mo yege. Ní báyìí, èmi ni olóòtú ètò àárọ̀ lórí rédíò kan ní Surulere. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù dún, mo béèrè bí a ti ń ṣe, "Orúkọ wo ni ká pè yín?"

"Ẹ káàárọ̀ o, olóòtú."

Bàbá mi ni. Àwọn ló ń fi "ẹ" kí èmi! Ó yẹ kí n tún béèrè orúkọ. Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́.

"Ṣé iná ti lọ ni?"

"Rárá o, Dádì. Iná wà."

Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, mi ò mọ̀ bóyá mo yege lọ́jọ́ náà, tàbí mo tún fìdí rẹmi.